Kálórì mélòó ni ara ń ná lójúmọ́? Ìṣirò fún ẹni tó ń ti Agége lọ Márínà

Ọmọ_Agége:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìṣirò kan wò. Ẹni tí mo ń bá ṣe é, obìnrin ni, ọmọ ọdún 34, kílò 78, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 163. Agége ló ń gbé, Márínà ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìjókòó sì ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde, aago méje alẹ́ ló ń wọlé. Ìkànnì mẹ́ta fún un ní iye mẹ́ta: 1,762, 2,018 àti 2,532. Èwo ni kó gbà? Bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ tó lálẹ́, èyí tó ga jù ló dà bíi pé ó bá a mu.

Oníṣirò_Yábàá:
Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lé. Ìpìlẹ̀ yẹn ni kálórì tí ara ń ná bí èèyàn bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí kò gbé ìka: ọkàn tó ń lù, èémí, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ. Lára ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ agbára, ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ara ń ná ló ń lọ síbẹ̀. Dídà oúnjẹ ń gba nǹkan bí ìdá 10. Ìrìn, ìdúró, iṣẹ́ ilé àti eré ìdárayá ló ń pín ìyókù.

Fọ́múlà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò ni ti Mifflin àti St Jeor, tó jáde ní 1990. Ẹ lè fi bébà àti bírò ṣe é. Kílò 78 lọ́nà 10 jẹ́ 780. Gíga 163 lọ́nà 6.25 jẹ́ 1,018.75. Ọjọ́ orí 34 lọ́nà 5 jẹ́ 170. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ yọ 170 kúrò, kí ẹ tún yọ 161 nítorí pé obìnrin ni. Ó ku 1,468. Fún ọkùnrin, ẹ kò ní yọ 161, ẹ ó fi 5 kún un ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìkànnì á béèrè bí ẹ ṣe ń lo ara yín tó, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Tí ẹ bá ní ìjókòó lásán, á fi 1.2 lọ́po 1,468, ẹ ó rí 1,762. Tí ẹ bá ní eré ìdárayá díẹ̀, á lo 1.375, ẹ ó rí 2,018. Ti àárín jẹ́ 1.55, ìyẹn 2,275. Èyí tó fún yín ní 2,532 lo 1.725, tí í ṣe ti ẹni tó ń ṣe eré líle ní ọjọ́ mẹ́fà sí méje lọ́sẹ̀. Obìnrin yìí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ tún ṣọ́ fọ́múlà àtijọ́ ti Harris àti Benedict, èyí tó ti wà láti 1919. Òun máa fún ẹni kan náà ní 1,544 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, 76 lé sí ti Mifflin kí a tó fi ohunkóhun lọ́po rárá.

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ àárẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland ń gba okun lára èèyàn ní tòótọ́: ooru, ariwo, èéfín, oorun tí kò tó. Ṣùgbọ́n iṣan ara kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣan ló sì ń jó kálórì. Ó lè rẹ èèyàn dé eegun kó má tíì ná ju ẹni tó jókòó sílé lọ.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní MET, tó ń sọ ìlọ́po mélòó ìjókòó jẹ́ẹ́ ni ohun tí a ń ṣe ń ná. Ìjókòó jẹ́ẹ́ ni 1. Jíjókòó nínú ọkọ̀ jẹ́ 1.3. Oorun jẹ́ 0.95. Ẹ pín 1,468 sí wákàtí 24, nǹkan bí 61 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀ jẹ́ 61 × 1.3 × 4, ìyẹn 317. Tó bá fi wákàtí mẹ́rin yẹn sùn, 232 ni ara á ná. Ìyàtọ̀ 85 ni gbogbo wàhálà Agége sí Márínà, àlọ àti àbọ̀, mú wá. Ẹyin bíbọ̀ kan pẹ̀lú díẹ̀ lórí rẹ̀ ti kájú iye yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó dájú ju 1.2 àti 1.375 lọ, ẹ kọ wákàtí 24 ọjọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìfo ìkankan. Ti obìnrin yìí á rí báyìí: oorun 6 × 0.95 = 5.7. Ọkọ̀ 4 × 1.3 = 5.2. Tábìlì ọ́fíìsì 8 × 1.5 = 12. Ìrìn sí ibùdókọ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti àtẹ̀gùn 1 × 3.5 = 3.5. Ilé ìdáná 2 × 2 = 4. Ìwẹ̀ àti ìmúra 1 × 2 = 2. Tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù lórí àga 2 × 1.3 = 2.6. Àpapọ̀ jẹ́ 35. Ẹ fi 24 pín in, 1.46 ni. 1,468 lọ́nà 1.46 jẹ́ 2,143.

Sátidé yàtọ̀. Aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ tó nǹkan bí 4 lórí òṣùwọ̀n yìí. Tó bá fi wákàtí méjì fọṣọ dípò kó jókòó, 330 ló máa fi kún ti ọjọ́ náà. Ẹ pín in sórí ọjọ́ méje, 47 lójúmọ́ ni. Ẹ má fi ọjọ́ aṣọ fífọ̀ kan ṣoṣo díwọ̀n gbogbo ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà:
Kóòṣì, ẹ ṣeun tí ẹ fi 61 ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìwé àti áàpù ń sọ pé MET kan jẹ́ kálórì kan fún kílò kan ní wákàtí kan. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ ó fi kílò 78 lọ́po 35, ẹ ó rí 2,730. Ó fi bíi 590 ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí ni pé ọ̀rá ara kì í ná tó iṣan àti ẹ̀yà inú, nítorí náà bí èèyàn bá ṣe sanra tó ni òfin kálórì kan fún kílò kan ṣe ń purọ́ sí i. Ẹ máa fi ìpìlẹ̀ tiyín gan-an lọ́po, ẹ má fi kílò lọ́po.

Ohun kejì: ènìyàn 498 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe fọ́múlà Mifflin. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lè wà lókè tàbí nísàlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn nǹkan bí 147 fún obìnrin yìí. Ìwádìí mélòó kan ní Amẹ́ríkà sì ti rí i pé àwọn fọ́múlà wọ̀nyí máa ń sọ iye tó ga díẹ̀ ju òtítọ́ lọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, pé ìpìlẹ̀ tiwọn gan-an máa ń wá sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Èmi á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 2,000 sí 2,050, kó má bẹ̀rẹ̀ láti 2,143.

Ajé_Ìdúmọ̀tà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwa tí kò sí ní ọ́fíìsì ńkọ́? Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, àti aláàárù tó ń ru ẹrù láti Ìdúmọ̀tà bọ́ sí Apọ́ngbọ̀n, ṣé iye kan náà ni wọ́n ń lò?

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Rárá o. Ìwé tí FAO (àjọ oúnjẹ àgbáyé), WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNU (yunifásítì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé) jọ gbé jáde ní 2004 pín iye tí a fi ń lọ́po ìpìlẹ̀ sí mẹ́ta: ìjókòó tàbí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láti 1.40 sí 1.69, iṣẹ́ tó ń gbé ara láti 1.70 sí 1.99, iṣẹ́ agbára láti 2.00 sí 2.40. Ẹ wo ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 28, kílò 65, sẹ̀ǹtímítà 170. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,578. Tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń dìde gbé aṣọ kalẹ̀ fún oníbàárà, 1.5 ni mo máa fún un: 2,367. Tó bá jẹ́ pé ẹrù ló ń rù látàárọ̀, 2.1 ni: 3,314. Ara kan náà ni, ìyàtọ̀ 947.

Tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ka ọjọ́ mẹ́fà sí 3,314, ọjọ́ kan sí 2,367, ẹ ro ó pọ̀ kí ẹ fi 7 pín in. 3,179 ni iye tirẹ̀ lójúmọ́.

Àwọn tó ń ta ọjà máa ń sọ pé àwọn dúró látàárọ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ìdúró jẹ́ẹ́ kò fi púpọ̀ ju ìjókòó lọ, ìrìn àti ẹrù ló ń gbé iye sókè.

Ọmọ_Agége:
Ẹ ṣeun gan-an. Aago ọwọ́ rẹ̀ ń sọ 2,700 lójúmọ́, ó sì ń ka ìṣísẹ̀ 9,000. Ṣé kó fọkàn tán an?

Oníṣirò_Yábàá:
Kó má fọkàn tán an lórí kálórì. Ní 2017, Yunifásítì Stanford dán aago ọwọ́ oríṣi méje wò. Pupọ̀ nínú wọn ka lílù ọkàn dáadáa. Lórí kálórì, èyí tó sàn jù nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, èyí tó burú jù fi ìdá 93 ṣì í. Ooru Èkó tún dá kún un: nígbà tí ara bá ń gbóná, ọkàn á máa lù kíákíá láti gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara, aago tó ń fi lílù ọkàn ṣírò á rò pé eré ìdárayá ni. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lórí títì oníhò náà lè fi ìṣísẹ̀ èké kún un. Kó wo iye ìṣísẹ̀ nígbà tó wọ danfó àti nígbà tó sọ̀kalẹ̀, kó yọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Fún ìrìn ẹsẹ̀, ẹ lo èyí: ìrìn kìlómítà kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ń fi nǹkan bí ìdajì kálórì kún un fún kílò kọ̀ọ̀kan, lórí ohun tí ìjókòó ì bá ti ná tẹ́lẹ̀. Kílò 78, kìlómítà 3: nǹkan bí 117. Ẹ̀rọ ìsáré ní ilé ìdárayá máa ń ka èyí tí ìjókòó ì bá ná mọ́ ọn, ìyẹn ni iye tirẹ̀ ṣe máa ń ga.

Ẹ má sì ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti fi 1.46 tó ní ìrìn nínú lọ́po, ẹ kò gbọdọ̀ tún fi kálórì ìrìn tí aago kà kún un.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà:
Ẹ fi ojú sí bí ẹ ṣe ń tẹ gíga sínú ìkànnì. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 11 á kọ 5.11, ìkànnì tó ń gba ẹsẹ̀ bàtà nìkan á kà á sí sẹ̀ǹtímítà 156. Gíga rẹ̀ gangan jẹ́ 180. Ìyẹn nìkan yọ nǹkan bí 150 kúrò nínú ìpìlẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di íǹṣì, ẹ fi 2.54 lọ́po. Lára agolo oúnjẹ, iye tí wọ́n kọ kJ (kílójúùlù) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe kálórì, ẹ fi 4.184 pín in kó tó di kálórì.

Oníṣirò_Yábàá:
Ó yá, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Gbogbo ohun tí a ti ṣe títí dé ibí, ìfojúdíwọ̀n ni. Òṣùwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ ló máa sọ iye tó jẹ́ ti obìnrin yìí gan-an, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló sì máa gbà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó kọ gbogbo oúnjẹ àti ohun mímu sílẹ̀, kó má wọn ara rẹ̀ rárá. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín gààrí àti ìrẹsì kù, ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ á dín, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta mú. Kílò kan tàbí méjì lè lọ lọ́sẹ̀ yẹn, omi ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Tó bá kà á mọ́ ọn, á rí iye tó ga ju òtítọ́ lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kó máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ tó bá jí, lẹ́yìn tó ti tọ̀, kó tó mu omi, pẹ̀lú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì ni kó gbé e sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Kó ro ọjọ́ méje pọ̀, kó fi 7 pín in, ìyẹn ni ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo kò wúlò, iyọ̀ inú súyà alẹ́ àná nìkan lè gbé e sókè.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìpíndọ́gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ 1,900 lójúmọ́, ìpíndọ́gba ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ 77.4, ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún jẹ́ 76.8. Kílò 0.6 ló lọ. Ọ̀rá ara kílò kan tó nǹkan bí 7,700 kálórì. 0.6 lọ́nà 7,700 jẹ́ 4,620. Ọjọ́ mélòó la máa fi pín in? Ọ̀pọ̀ á fi 28 pín in nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi gun òṣùwọ̀n. 21 ni, torí láti àárín ọ̀sẹ̀ kejì dé àárín ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín. 4,620 pín sí 21 jẹ́ 220. 1,900 àti 220: 2,120. Tó bá fi 28 pín in, 2,065 ló máa rí. Bí ìwọ̀n bá lọ sókè, ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú oúnjẹ dípò kí ẹ rò ó mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà:
Fún obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún ìgbà náà. Omi máa ń dúró sára kí nǹkan oṣù tó dé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù wé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù mìíràn. Nígbà náà, 28 gan-an lẹ ó fi pín in, tí ọjọ́ oṣù yín bá jẹ́ 28.

Ọ̀sẹ̀ tí ibà bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Dígíríì Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ooru ara bá fi lé ń fi ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí ara ń ná, oúnjẹ kò sì ní wọlé dáadáa. Kò ní jọ ọjọ́ yín tó kù.

Alásè_ẸbúteMẹ́ta:
Ẹ̀yin onímọ̀, ìṣirò yín dára, ṣùgbọ́n 1,900 tí ẹ kọ síbẹ̀, inú ìkòkò ló ti ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọn oúnjẹ wa.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ẹ dán an wò: ẹ gbé ife sórí rẹ̀, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ da omi sẹ̀ǹtílítà 50 sínú rẹ̀. 500 ló yẹ kó sọ. Ti òṣùwọ̀n ara, ẹ gùn ún, ẹ wá gbé omi lítà 10 dání, ẹ tún gùn ún. Bí kò bá fi nǹkan bíi kílò 10 lé, tàbí tí ìwọ̀n yín ń yí bí ẹ ṣe ń gùn ún léra wọn, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀bà: gààrí gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n, nítorí omi tí kálukú ń lò yàtọ̀. Gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ tó nǹkan bí 360. Tó bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹ wọn gààrí tó lọ sínú rẹ̀, ẹ sì wọn ẹ̀bà tó jáde. Gíráàmù 200 gààrí jẹ́ 720. Tó bá di gíráàmù 600 ẹ̀bà, gíráàmù 100 ẹ̀bà náà jẹ́ 120. Ìrẹsì funfun tó ti jinná jẹ́ nǹkan bí 130 fún gíráàmù 100, iṣu bíbọ̀ ò jìnnà sí i.

Òróró ni ọ̀tá ìṣirò. Epo pupa àti òróró funfun, gíráàmù kan jẹ́ 9, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò sẹ̀ǹtílítà 75 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 230, ìyẹn 2,070. Ẹ kọ ìwọ̀n ìkòkò òfìfo sílẹ̀ kí ẹ tó dáná. Nígbà tí ọbẹ̀ bá jinná, ẹ wọn tọbẹ̀tọ̀kòkò, ẹ yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò. Tí ọbẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 3,000, ẹni tó bu 150 ti jẹ 103 nínú epo nìkan, kí a tó dé orí ata àti ẹran. Ẹ ro ọbẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bù ú. Epo máa ń léfòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ bu lókè á jẹ ju iye tó kọ lọ, ẹni ìkẹyìn á jẹ dín sí i.

Ohun tí èèyàn kì í kọ sílẹ̀: ẹ̀pà inú gààrí mímu, gíráàmù 30 jẹ́ 170. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50, tí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 nínú 100 sí i lára, 200 ni. Ìtọ́wò ọbẹ̀. Ajẹkù ọmọ. Fún oúnjẹ búkà, ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe ń bù ú fún yín, ẹ gbé e délé, ẹ wọn ìrẹsì lọ́tọ̀, dòdò lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀, kí ẹ lo iye yẹn fún ìgbà tó kù.

Bí ẹ bá gbàgbé nǹkan 200 lójoojúmọ́, iye tí Oníṣirò gbé jáde á fi 200 kéré sí òtítọ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ohun kan náà lẹ ń gbàgbé lójoojúmọ́, iye náà ṣì wúlò fún yín, nítorí ọwọ́ tí ẹ fi kọ ọ́ náà lẹ ó fi máa kọ ìyókù.

Ajé_Ìdúmọ̀tà:
Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún 35, ara kì í jó oúnjẹ mọ́. Ṣé òtítọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀràbà:
Rárá. Ìwádìí ńlá kan tí Herman Pontzer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021, tó kó ènìyàn tó ju 6,400 lọ láti orílẹ̀-èdè 29, fi hàn pé láti ọdún 20 sí 60, ohun tí ara ń ná kì í yí padà tí a bá ti gbé ìwọ̀n ọ̀rá àti iṣan yẹ̀ wò. Lẹ́yìn 60 ló ń fi nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dún. Ohun tó ń yí padà lẹ́yìn 35 ni ìrìn tó dín kù, mọ́tò tí a rà, àti iṣan tí a kò lò.

Àwọn aláboyún, ẹ má lo ìṣirò yìí láti dín oúnjẹ kù. FAO, WHO àti UNU fi 85 kún ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 285 kún ti oṣù mẹ́ta kejì, 475 kún ti oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nìkan ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nǹkan bí 500 ni. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ rí onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn LUTH tàbí LASUTH kí ẹ tó dín ohunkóhun kù, torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ọmọ_Agége:
Ọlọ́run á bù kún yín. Tó bá ti rí 2,120 yìí, ìgbà wo ló máa tún un ṣe?

Kóòṣì_Sùúrùlérè:
Bó bá fi kílò 5 fúyẹ́. Kílò 5 lọ́nà 10 jẹ́ 50 kúrò nínú ìpìlẹ̀. Ẹ fi 1.46 lọ́po, 73 lójúmọ́ ni. Tún un ṣe náà bí iṣẹ́ bá yí padà: bó bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí ìrìn rẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ pòórá. Wákàtí kan ìrìn tó di ìjókòó jẹ́ 2.2 (ìyẹn 3.5 tí a yọ 1.3 kúrò nínú rẹ̀) lọ́nà 61, nǹkan bí 134 lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wà nílé. Kó wá ibi tó máa rìn sí ládùúgbò kí oòrùn tó mú.